Òkè Lẹ̀ Ń Wò: Àgbéyẹ̀wò Ìwádìí lórí Ìdúró Déédéé Eléré Ìdárayá lẹ́yìn tí Ẹsẹ̀ bá Rọ́

Ìfáárà

Wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù orí rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Òwe yìí wà lára àwọn tí olùkọ́ èdè máa ń lò nígbà tí ó bá fẹ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó wá orísun ọ̀rọ̀ kí ó tó dá ẹjọ́. Ṣùgbọ́n òwe náà kì í ṣe àfiwé lásán. Ènìyàn gidi tí ó ru ẹrù gidi ni ó ń sọ nípa rẹ̀. Ó ń sọ bí ọ̀ràn ẹsẹ̀ ṣe ń hàn lórí, àti bí ojú awòran ṣe máa ń kọ́kọ́ lọ sí ibi tí ìṣòro kò sí. Nítorí náà ni àgbéyẹ̀wò yìí ṣe mú un gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n fún ẹ̀ka ìwádìí kan, èyíinì ni ìwádìí àwọn onímọ̀ ìṣègùn àti ti eré ìdárayá lórí bí eléré ṣe ń dúró déédéé lẹ́yìn tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti rọ́.

Àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí wọ̀nyí ní ibi ìwádìí ńláńlá kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Olùkọ́ tí ó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì rán lọ sí ìlú bí Ìjoùn, ni ó kàn. Ìjoùn wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ìhà ibi tí Nàìjíríà ti bá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ pààlà. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama bá fi ẹsẹ̀ rọ́ lórí pápá ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, olùkọ́ tí ó mú fèrè dání ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun ni yóò pinnu bóyá kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Òun náà ni yóò sọ, ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn náà, pé kí ó padà sínú eré. Ìpinnu kejì yìí ni ó le jù, òun náà sì ni wọ́n sábà máa ń fi ìbéèrè kan ṣoṣo parí: "Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?" Ọmọ tí ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Rọ́, yẹ̀, dá

Èdè Yorùbá kò tòṣì nípa ẹsẹ̀. Kókósẹ̀ ni kókó eegun tí ó yọ síta ní ẹ̀gbẹ́. Ọrùn ẹsẹ̀ sì ni ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ àti ojúgun ti pàdé. Orúkọ kejì yìí yẹ kí onímọ̀ fi ojú sí. Bí ọrùn ṣe gbé orí, tí ó sì ń jẹ́ kí orí yí sọ́tùn-ún yí sósì, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ ṣe so ara mọ́ ilẹ̀ tí kò tẹ́jú. Nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ bá yí sínú lójijì, tí gbogbo ìwúwo ara sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìta, àwọn iṣan líle tí ó so eegun mọ́ eegun níbẹ̀ yóò nà jù tàbí kí wọ́n já. Mẹ́ta ni wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ìta. Èyí tí ó wà níwájú kókósẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ fara gbá.

Ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta ni Yorùbá fi ya ìfarapa ibẹ̀ sọ́tọ̀: ẹsẹ̀ lè rọ́, ó lè yẹ̀, ó sì lè dá. Ìpínsísọ̀rí yìí dára, ṣùgbọ́n ojú lásán kò tó láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀, nítorí pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń wú. Ní ọdún 1992, àwọn dókítà ní ìlú Ottawa ní Kánádà ṣe ìlànà kan fún yíyan ẹni tí ó yẹ kí ó ya fọ́tò eegun. Bí onítọ̀hún kò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin lórí ẹsẹ̀ náà nígbà tí ó farapa àti nígbà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí bí ó bá ń dùn ún tí wọ́n bá tẹ eegun ẹ̀yìn kókósẹ̀ tàbí àwọn eegun kan pàtó ní àárín àtẹ́lẹsẹ̀, kí wọ́n má ṣe gbà pé ó rọ́ lásán. Ìlànà náà kò béèrè ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́ olùkọ́. Ohun tí ó béèrè ni pé kí ó dá ọwọ́ àwọn tí wọ́n ti gbé omi gbígbóná àti òrí dé dúró, nítorí pé jíjó ẹsẹ̀ àti fífọwọ́ rà á gidigidi ní ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì máa ń mú kí ó wú sí i, ó sì burú jù bí eegun bá ti dá.

Ibi tí èdè ti kù díẹ̀ káàtó ni ìgbà tí wíwú bá ti wálẹ̀. "Ẹsẹ̀ ti san" ni gbogbo ènìyàn máa ń wí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó wọ́pọ̀ fún ẹsẹ̀ tí kò dunni mọ́, tí kò wú mọ́, ṣùgbọ́n tí ó ń ṣàdédé yẹ̀ nígbà tí olówó rẹ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkìtì tàbí tí ó bá fẹ́ yí padà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Ẹni tí ó bá ráhùn bẹ́ẹ̀, àìfarabalẹ̀ ni wọ́n máa ń kà á sí. Ṣùgbọ́n àwọn oníwàádìí tí wọ́n tẹ̀lé àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kọ́kọ́ rọ́ fún ọdún kan, tí wọ́n sì tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 2016, rí i pé bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ìṣòro náà kò fi sílẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe iye ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìfarabalẹ̀.

Àwọn tí wọ́n wo ìsàlẹ̀

Ní ọdún 1965, M. A. R. Freeman, oníṣẹ́ abẹ eegun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde tí ó di ìpìlẹ̀ fún gbogbo ẹ̀ka ìwádìí yìí. Ìbéèrè wọn ni pé kí ló dé tí ọrùn ẹsẹ̀ tí ó jọ pé ó ti so padà fi ń yẹ̀. Ìdáhùn wọn ni pé àwọn iṣan ìmọ̀lára tín-ín-tìn-ìn-tín wà nínú iṣan líle tí ó so eegun pọ̀. Wọ́n ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ nípa bí ẹsẹ̀ ṣe tẹ̀ sí. Bí iṣan líle bá já, àwọn ońṣẹ́ inú rẹ̀ yóò já pẹ̀lú, ọpọlọ kò sì ní gbọ́ ìròyìn ìsàlẹ̀ ní kíá mọ́. Wọ́n ní kí àwọn aláìsàn wọn dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí wọ́n tún dúró lórí èkejì, wọ́n sì fi èyí tí ó rọ́ wé èyí tí kò rọ́. Ìdánwò náà jẹ́ ọmọ ìyá èyí tí Moritz Romberg ti ń lò ní ilẹ̀ Jámánì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ó ń ní kí aláìsàn pa ẹsẹ̀ pọ̀, kí ó sì di ojú. Fún ìwòsàn, Freeman gbé àwọn ènìyàn lórí pátákó tí ń fì, kí ẹsẹ̀ lè tún kọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ amúkùn-ún gan-an ni Freeman gbà: ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wò. Ó ṣe iṣẹ́ ńlá, nítorí pé ṣáájú rẹ̀, wíwé ẹsẹ̀ àti sísinmi ni ọ̀pọ̀ rò pé ó parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó gba amúkùn-ún gbọ́ jù. Ó wo ìsàlẹ̀ títí tí kò fi gbé ojú sókè mọ́.

Ẹ̀rí tí ó tako o kò pẹ́ púpọ̀ kí ó tó dé. Ní ọdún 1993, Konradsen àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì gún àwọn ènìyàn tí ara wọn le ní abẹ́rẹ́ tí ó pa ìmọ̀lára inú iṣan ọrùn ẹsẹ̀ náà. Bí àlàyé Freeman bá tó, ó yẹ kí àwọn ènìyàn náà máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹlòmíràn bá ń yí ẹsẹ̀ wọn, wọn kò mọ ibi tí ó tẹ̀ sí dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn fúnra wọn bá gbé e, tàbí tí wọ́n bá dúró lórí rẹ̀ nìkan, ìyàtọ̀ kò sí. Iṣan ẹran ojúgun ń ránṣẹ́ pẹ̀lú. Ní ọdún 2004 ni Evans, Hertel àti Sebastianelli tún mú ohun tí ó yani lẹ́nu jù wá. Wọ́n ti wọn ìdúró àwọn eléré ṣáájú ìfarapa, nígbà tí ẹsẹ̀ àwọn kan nínú wọn sì rọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ tí ó rọ́ nìkan ni ìdúró rẹ̀ bàjẹ́. Èyí tí kò rọ́ náà bàjẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì kì í gbọ́ ìròyìn ẹsẹ̀ ọ̀tún bí kò ṣe láti òkè.

Ibí yìí ni òwe náà ti yí padà mọ́ ẹni tí ó ń lò ó lọ́wọ́. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ti gòkè lọ sí ọpọlọ, ọpọlọ sì ti yí ọ̀nà tí ó ń gbà darí gbogbo ara padà. Àwọn tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní ọdún 2016 tún fi hàn pé ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di ayẹ̀gbàgbogbo máa ń gbára lé ojú rẹ̀ láti dúró ju ẹni tí ara rẹ̀ le lọ. Kò gbẹ́kẹ̀ lé ìròyìn ẹsẹ̀ mọ́. Ó ń fi ojú dúró.

A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí da pátákó Freeman nù. Oògùn lè jẹ́ kí ẹni tí ó pò ó tó mọ ìdí tí ó fi jẹ́. Tropp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Súwídìn lò ó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọ́n sì kọ̀wé ní ọdún 1985 pé ó dín ẹsẹ̀ rírọ́ kù láàárín àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti rọ́ rí. Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, McGuine àti Keene dán irú ẹ̀kọ́ ìdúró bẹ́ẹ̀ wò láàárín ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama 765 tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù àti básíkẹ́ẹ̀tì. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, ẹsẹ̀ ìdá 6.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n kọ́ ọ ni ó rọ́, ti àwọn tí kò kọ́ ọ sì jẹ́ ìdá 9.9. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀ tó láti fi pariwo lọ́jà, ṣùgbọ́n ó tó láti fi iṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Verhagen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Họ́láǹdì ti kìlọ̀ ní ọdún 2004: pátákó náà gba ọrùn ẹsẹ̀ àwọn agbáfọ́lìbọ́ọ̀lù tí wọ́n ti farapa rí là, ó sì tún dá kún ìrora orúnkún àwọn tí orúnkún wọn ti ní àbùkù tẹ́lẹ̀. Kò yẹ kí olùkọ́ gbé ọmọ tí ń ráhùn orúnkún lé e láìbéèrè.

Ìdúró kan kì í ṣe eré

Àléébù tí ó tóbi jù nínú ọ̀pọ̀ àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ni pé wọ́n fi ìdúró jẹ́ẹ́ ṣe òṣùwọ̀n fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ sísáré. Wọ́n gbé eléré sórí àwo irin tí ń wọn bí ara ṣe ń fì, nínú yàrá tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, wọ́n ní kí ó má mira. Ẹsẹ̀ ta ni ó ń rọ́ nígbà tí ó dúró jẹ́ẹ́? Nígbà tí Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 fi àkọsílẹ̀ àgbáyé tuntun lélẹ̀ nínú eré ìfò-ìdènà 100 mítà ní Eugene ní oṣù Keje ọdún 2022, ìdènà mẹ́wàá ni ó fò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 83.8, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sì ń fi balẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Kò sí àkókò láti dúró. Ìdúró déédéé rẹ̀ wà nínú pé kò dúró rárá.

Àwọn kan rí àléébù yìí, wọ́n sì lọ sí ibi ìdánwò ìnasẹ̀: eléré yóò dúró lórí ẹsẹ̀ kan, yóò sì na èkejì lọ jìnnà bí ó bá ti lè ṣe é, síwájú àti sẹ́yìn ní ìhà méjèèjì, láìṣubú. Plisky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò ó fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ 235 tí wọ́n ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì kọ ọ́ ní ọdún 2006 pé ẹni tí ìnasíwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi ju sẹ̀ǹtímítà 4 yàtọ̀ síra ní ìlọ́po méjì àbọ̀ ewu ìfarapa ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti sọ sẹ̀ǹtímítà 4 di òfin. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Orí ilẹ̀ gbọ̀ngàn ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe orí ilẹ̀ pupa tí àgbàrá ti gbẹ́. Ìwádìí lẹ́yìn náà láàárín eléré mìíràn kò sì bá a mu ní gbogbo ìgbà.

Orí tí ó wúwo, ẹsẹ̀ tí ń sọ̀rọ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ọ̀rọ̀ ìdúró déédéé jẹ́ ohun tí a kó wọlé láti òkè òkun, kí ó rántí pé agbègbè Kétu àti Yewa, tí Ìjoùn wà nínú rẹ̀, jẹ́ ilé Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àjọ UNESCO kéde eré náà ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí àkànṣe ohun àjogúnbá Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, wọ́n sì fi í sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní ọdún 2008. Ìwé ńlá méjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbà lọ́wọ́ ara wọn lórí rẹ̀: ti Henry Drewal àti Margaret Drewal tí ó jáde ní ọdún 1983, àti ti Babatunde Lawal tí ó jáde ní ọdún 1996. Àwọn ìwé náà kò gbàgbé ijó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí yóò rí i pé orí igi ni wọ́n gbé kalẹ̀ sínú gíláàsì, tí wọ́n tan iná sí. Ṣaworo irin tí ó wà ní ọrùn ẹsẹ̀ oníjó kì í sí níbẹ̀, bí ó bá sì wà, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n fi sí. Òkè ni wọ́n ń wò. Ó jẹ́ ohun ìyanu pé àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ṣe àṣìṣe tí amúkùn-ún dárúkọ, tí àwọn dókítà sì ṣe òdìkejì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí oníjó náà dojú kọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ṣe ìdánwò. Igi gbígbẹ́ wà lórí rẹ̀, èyí tí ó gbé ìwúwo ara lọ sókè. Aṣọ bo ojú rẹ̀, ihò aṣọ náà ni ó fi ń ríran. Wọ́n ti fi aṣọ sọ ìdí àti àyà rẹ̀ di ńlá. Irin wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ọjà ni ó ti ń jó, lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tẹ́. Ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fi ṣaworo sọ ohun kan náà, kí ìlù àti ẹsẹ̀ sì parí papọ̀. Bí ó bá fi ìṣísẹ̀ kan pẹ́, gbogbo ọjà ni yóò gbọ́. Ìdánwò Romberg dí ojú ẹni. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dín ìríran kù, ó gbé ẹrù kun orí, ó sì ní kí ẹsẹ̀ máa sọ̀rọ̀. A kò fi àgbà dánrawò níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọdé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jáde jó, tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jù sì ń tẹ̀lé wọn, nítorí náà iwájú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti ń kọ́ ọ láti kékeré.

Ó yẹ kí lámèyítọ́ ṣọ́ra níhìn-ín. Ijó yìí kò fi hàn pé ọrùn ẹsẹ̀ oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í rọ́, ẹni tí ó bá sì lò ó bẹ́ẹ̀ ti fi ìgbéraga ìbílẹ̀ dípò ẹ̀rí. Ohun tí ó fi hàn ni pé àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀ mọ ohun tí àwọn oníwàádìí ń wá bọ̀ wá mọ̀: pé ìdúró déédéé jẹ́ ẹ̀kọ́, pé inú ìrìn ni ó wà, àti pé etí àti ojú àti orí jọ ní ín pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sọ di afojúdúró ni ìyọnu yóò kọ́kọ́ bá bí wọ́n bá fi aṣọ bo ojú rẹ̀.

Lórí pápá

Ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Eléré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́ yóò máa wo ìdíje tí ń bọ̀. Ẹ̀yìn ni ó yẹ kí olùkọ́ wò, nítorí pé ẹsẹ̀ tí ó ti rọ́ rí wà lára àmì tí ó lágbára jù pé yóò tún rọ́.

Ohun tí iṣẹ́ Evans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ pátápátá ni àṣà fífi ẹsẹ̀ tí ó rọ́ wé èyí tí kò rọ́. Bí méjèèjì bá ti bàjẹ́ papọ̀, wọn yóò bára mu, olùkọ́ yóò sì rò pé ara ti dá. Òṣùwọ̀n tí ó tọ́ ni ara ọmọ náà kí ó tó farapa, a kò sì lè padà lọ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìjàǹbá. Ọ̀sẹ̀ kìíní sáà ni kí a ti wọ̀n ọ́n. Eérú tàbí ẹfun ni a ó fi fa ìlà mẹ́ta sí ilẹ̀, ọ̀kan síwájú, méjì sẹ́yìn. Téèpù tí aránṣọ ń lò tó láti fi wọn ìnasẹ̀. Ilẹ̀ pápá náà ni kí a ti ṣe é, kì í ṣe ilẹ̀ símẹ́ǹtì yàrá ìkàwé, nítorí orí pápá ni ọmọ náà yóò ti sáré.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bá sì rọ́, tí wíwú wálẹ̀, tí ọmọ lè rìn láìtiro, ìdánwò kan náà ni yóò padà sí, kí ó tó kúrò ní ìdúró bọ́ sí fífò. Kí ó fi ẹsẹ̀ kan fò, kí ó balẹ̀, kí ó sì dúró. Kí ẹlòmíràn máa ju bọ́ọ̀lù sí i nígbà tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí ojú rẹ̀ má bàa ráyè wo ilẹ̀. Kí ó yí padà bí olùkọ́ bá pàtẹ́wọ́, láìmọ̀ ìgbà tí àtẹ́wọ́ náà yóò dún. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ní ìlù, kí wọ́n lù ú. Lẹ́yìn tí ìdíje bá bẹ̀rẹ̀, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, iṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà kọ̀ọ̀kan, ni McGuine àti Keene fi pa ẹ̀kọ́ náà mọ́, èyí kò sì ju àkókò tí wọ́n fi ń dúró de bọ́ọ̀lù tí ó wọ igbó.

Ọ̀ràn tí ó kù ni ti àkọsílẹ̀. Ìwé tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fi ń pa orúkọ eléré mọ́ ní àyè fún ọjọ́ orí, kíláàsì àti ẹgbẹ́ tí ọmọ wà, ṣùgbọ́n kò ní àyè fún ẹsẹ̀ wo ni ó rọ́, ìgbà wo, àti iye sẹ̀ǹtímítà tí ó lè nà. Wọ́n máa ń gbé olùkọ́ kúrò ní Ìjoùn lọ sí ibòmíràn láàárín ọdún, ìmọ̀ rẹ̀ nípa ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà a sì bá a lọ. Rúlà àti bírò tó láti fa àyè mẹ́ta yẹn kún ojúewé kọ̀ọ̀kan.